Aago Tí Kò Ní Ẹ̀yìn

Ẹ̀yínadé da ojú aago náà dé lórí aṣọ funfun tó tẹ́ sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó wá ibi tí yóò ti ṣí i, kò rí. Ó tún un wò. Kò sí súkúrù kan, kò sí etí tí èèyàn lè ti ẹnu ọ̀bẹ bọ̀, kò sí ìlà tó fi hàn pé ìdérí wà níbẹ̀ rárá. Odindi ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń tún aago ṣe ní Ìjerò, kò sì tíì rí aago tí kò ní ẹ̀yìn rí.

"Ìwọ náà kò rí i, àbí?" ni ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wí. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Mo ṣì ń wò ó, sà."

"Máa wò ó. Alágogo Adó náà wò ó. Ti Iléṣà wò ó títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀."

Ezekiel Ayọ̀bọ́lá ni orúkọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ta ní ń pè é bẹ́ẹ̀? Láti Ìjurin títí dé Ìjerò, Pìrìnsípà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kẹsàn-án rèé tó ti fẹ̀yìn tì, tó padà sí Ìjurin, tó gbájú mọ́ oko kòkó bàbá rẹ̀. Ìṣirò ló fi kọ́ni. Ẹ̀yínadé gan-an jẹ nínú pàṣán rẹ̀ nígbà tó wà ní kíláàsì kẹta, bóyá ìdí nìyẹn tó fi yára gba aago náà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ní kí bàbá náà jókòó. Ó ní òun kò wá jókòó.

"Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni Bùnmi máa yà bá mi níbí," ó wí. Bùnmi ni ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń kàwé ní Swítsáláǹdì, tó wá sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó sì ń padà lọ lọ́jọ́ náà. "Tó o bá tún un ṣe kó tó dé, ó dáa. Tí kò bá ṣeé ṣe, Bùnmi á bá mi dá a padà fún ẹni tó ṣe é, òun pẹ̀lú lẹ́tà yìí." Ó fi ìka kan àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, níbi tí etí àpòòwé kan ti ń yọjú. "Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ni mo ti kọ síbẹ̀. N kò tún ní í sọ ọ́ mọ́ láyé mi."

Ẹni tó ṣe aago náà ni Túnmiṣe, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Pìrìnsípà bí.

Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ka lẹ́tà yẹn sí Ẹ̀yínadé létí kó tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ náà kò já mọ́ nǹkan. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an ni Túnmiṣe ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀mú mú, nígbà tí bàbá Ẹ̀yínadé ṣì wà láyé tó ń ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba ọlidé, ọmọ náà á dé, á ní òun wá kí Ẹ̀yínadé. Irọ́ ni, aago ló wá kí. Kò pẹ́, kò jìnnà, àwọn méjèèjì ti ń jókòó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, wọ́n ń to kẹ̀kẹ́ eléyín padà sínú aago àwọn oníbàárà. Ọjọ́ tí Pìrìnsípà wá gbọ́ pé ọmọ òun ti fi ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní yunifásítì nítorí aago, ó gun ọ̀kadà wá, ó dúró sójú títì, ó sì fi ariwo bọnu: "Ẹ̀yin lẹ ba ọmọ mi jẹ́! Ọmọ tó yẹ kó máa tọ́jú èèyàn, irin lẹ fi lé e lọ́wọ́!" Bàbá Ẹ̀yínadé dìde, ó kí i, ó tún jókòó.

Ọdún méjìlá nìyẹn. Bàbá Ẹ̀yínadé ti papòdà. Túnmiṣe ti gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn alágogo ní Swítsáláǹdì. Pìrìnsípà kò sì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ títí di òwúrọ̀ yìí. Bó bá ń kọjá, láti ojú títì ló ti ń kí wọn.

Ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá, aago náà dé. Túnmiṣe fúnra rẹ̀ ló gé irin rẹ̀, tó dán an, tó tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọdún méjì ààbọ̀ ló sì gbà á. Aago ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ni, òun ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà pé ó ti di alágogo. Àwọn olówó fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò tà. Kò sì dè é sọ́wọ́ ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí. Ojoojúmọ́ ni aago náà sì ń kú lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

"Láàárọ̀, màá yí kókó rẹ̀ dáadáa," ni Pìrìnsípà ń ṣàlàyé bí ẹni tó ń jẹ́rìí ní kóòtù. "Á máa ṣiṣẹ́. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ó ti dákẹ́. Tí mo bá bọ́ ọ sórí tábìlì, kò ní í pẹ́, á tún jí. Alágogo Adó gbé e sọ́dọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò kú lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ló lágbára jù fún un. Ẹ̀jẹ̀ mi! Ti Iléṣà ní kí n lọ gbàdúrà sí i."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ẹ̀yínadé, ó gbé e mì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó lágbára yìí, kò sí alágogo tí kò tíì fi í dá oníbàárà lóhùn rí lọ́jọ́ tí ọgbọ́n bá tán nínú rẹ̀.

"Ṣé Túnmiṣe mọ̀ pé ó ń kú, sà?"

"Ta ni yóò sọ fún un? Ìwọ náà kò sì gbọdọ̀ pè é. Bí iṣẹ́ bá dára, olúwa rẹ̀ kò ní í máa tẹ̀ lé e kiri láti ṣàlàyé. Iṣẹ́ ni yóò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Èyí ti sọ tiẹ̀." Ó yíjú sí títì. "Mò ń lọ ra oògùn kòkó lọ́jà. Mò ń bọ̀."

Nígbà tó ku Ẹ̀yínadé nìkan, ó yí kókó aago náà, ó gbé e sétí. Ó ń dún, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, bíi ti kòkòrò tó ń jẹ igi. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó wá mú awò tí wọ́n fi ń rí ohun kékeré, ó fi há ojú ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ aago.

Ẹ gbà mí o!

Kọ́bọ̀ àtijọ́ méjì tí èèyàn gbé léra nípọn ju odindi aago náà lọ. Túnmiṣe gé ojú rẹ̀ sílẹ̀ lápá kan, kí èèyàn lè rí ohun tó ń lọ nínú. Nínú aago tí gbogbo ayé ń dè, kẹ̀kẹ́ ń gun orí kẹ̀kẹ́. Nínú èyí, gbogbo wọn nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí àwọn ọmọ ìyá tó sùn sórí ẹní kan. Òmíràn nínú wọn kò nípọn ju irun orí lọ. Ìgbà yẹn ló wá yé e ìdí tí aago náà kò fi ní ẹ̀yìn. Irin tó yẹ kó jẹ́ ìdérí ẹ̀yìn, òun kan náà ni ilẹ̀ tí Túnmiṣe gbin àwọn kẹ̀kẹ́ náà sí. Nígbà tí àyè kò sí fún ilé àti ilẹ̀, ó sọ ilé di ilẹ̀. Láti ojú ló ti kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ wọlé, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Túnmiṣe, o ti ya wèrè," ó wí sókè, inú rẹ̀ sì dùn dé bi pé ó fẹ́ pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni owú dé. Ẹ má jẹ́ ká bò ó mọ́lẹ̀, ó jowú. Nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń kọ́ṣẹ́, ọwọ́ tirẹ̀ ló dúró jù; Túnmiṣe a máa sọ súkúrù nù, òun ni yóò bá a wá a lórí ìdọ̀bálẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Àwọn méjèèjì ló yẹ kí wọ́n jọ kọ ìwé sí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Ọdún náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá rẹ̀ wó, ẹnìkan sì ní láti dúró. Òun ló dúró. Kò kábàámọ̀ bàbá rẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tó kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, bátìrì ló ń pààrọ̀, okùn aago tó já ló ń rán, àwọn èèyàn sì ń wo aago lórí fóònù. Báyìí ni ohun tó dára jù tí ojú rẹ̀ tíì rí wá tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kì í sì í ṣe òun ló ṣe é.

Ó mú fóònù, ó kọ ọ́ sí Túnmiṣe pé, "Aago rẹ wà lọ́wọ́ mi, ó ń kú lọ́wọ́ bàbá." Ó kà á. Ó rí ojú Túnmiṣe bí yóò ṣe rí nígbà tó bá kà á níbi iṣẹ́, láàárín àwọn òyìnbó. Ó pa á rẹ́.

Ó wá mú ọ̀bẹ tó tín-ín-rín jù nínú àwọn irinṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀yìn kò bá ṣeé gbà, iwájú ńkọ́? Òrùka kan ló di dígí ojú aago náà mú, bí ó bá sì fi ọ̀bẹ wá ìdí òrùka náà pẹ̀lú sùúrù, yóò gbéra. Bí ó bá tẹ̀ ńkọ́? Kò sí irú rẹ̀ níbì kankan láyé tí wọ́n lè fi pààrọ̀. Ó ti gbé ẹnu ọ̀bẹ lé e. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́ wá nínú aago tó ń ṣiṣẹ́, ìdáhùn tó rí kò sì bá a lára mu. Kì í ṣe nítorí Pìrìnsípà ló ṣe fẹ́ ṣí i. Ó kàn fẹ́ fọwọ́ kàn án ni.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú kan. Bàbá rẹ̀ ní ìṣe kan tí àwọn oníbàárà máa ń rò pé ọ̀yàyà lásán ni. Kò sí bí aago ṣe lè bàjẹ́ tó, kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Yóò kọ́kọ́ ní kí onítọ̀hún jókòó, kó mu omi, kó de aago náà sọ́wọ́ bó ṣe máa ń dè é nílé, kó sì máa bá òun sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀, ojú bàbá kò ní í kúrò lọ́wọ́ ẹni náà. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni yóò wí. "Aago kì í dá gbé. Lọ wò ó nílé tó ń gbé."

Òun sì rèé, ó ti gba aago lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí ìdúró. Ẹ̀rù pàṣán kíláàsì kẹta kò jẹ́ kó rántí. Ó gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀.

Aago méjì ti kọjá dáadáa kí Pìrìnsípà tó dé pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù oògùn kòkó lọ́wọ́.

"O ti ṣí i?"

"N kò ṣí i, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ dè é sọ́wọ́ kí n rí i."

"Mo ní kó o tún aago ṣe, o ní kí n jókòó."

"Bàbá mi kì í tún aago ẹni tó bá dúró ṣe, sà. Ẹ ò sì jókòó fún wọn rí."

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó mọ̀. Pìrìnsípà gbé gálọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó sì rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì, orúnkún rẹ̀ ń dún. Ó gba aago, ó gbé e lé ọrùn ọwọ́ òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn aláwọ rẹ̀. Ó fà á kọjá ihò kẹta, kọjá ìkẹrin, ó dé ihò ìkẹyìn, ó tún fà á kọjá ibẹ̀. Ihò kan wà níwájú ìkẹyìn tí kì í ṣe ọwọ́ Túnmiṣe ló lu ú. Ó wọ́, etí rẹ̀ sì jó dúdú yíká.

"Ẹ̀yin lẹ lu ihò yìí, sà?"

"Èmi ni. Ìṣó ni mo fi sínú iná."

Ẹran ọwọ́ rẹ̀ ti wú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì okùn náà, iṣan sì yọ. Bí wọ́n ṣe ń de ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ ló ṣe de aago ọdún méjì ààbọ̀.

"Kí ló dé tó fi ní láti le tó báyìí, sà?"

Pìrìnsípà ń wo òde, níbi tí wọ́n sá kòkó sí lẹ́bàá títì.

"Sà?"

"Oko ni mo máa ń dè é lọ."

"Oko kòkó?"

"Oko mìíràn wo ni mo ní? Ṣé kí n máa tì í mọ́ inú àpótí ni? Ọwọ́ á máa lọ sókè sódò bí mo bá ń ká kòkó. Bó bá yọ̀ bọ́ sínú ewé kòkó, níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Nǹkan tí kò nípọn tó ewé fúnra rẹ̀!" Ohùn rẹ̀ ti ń ga, ó tún wálẹ̀. "Ọmọ mi ló ṣe é."

Ẹ̀yínadé kò lè gbójú sókè.

"Àwọn tí mo gbà sí oko mọ̀ ọ́n," bàbá náà ń bá a lọ, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ṣì ń sọ̀rọ̀. "Mo fi hàn wọ́n. Ojoojúmọ́ ni wọ́n á béèrè pé, Pìrìnsípà, aago mélòó ló lù? Màá wò ó, màá sọ fún wọn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n béèrè, mo wò ó, ó ti kú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní aago Túnmiṣe ti sun oorun ọ̀sán." Ó fọwọ́ nu ẹnu. "Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé n óò kọ lẹ́tà yẹn."

Gbogbo ara Ẹ̀yínadé ló ń sọ ọ́ fún un báyìí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ fi ojú rí i. Ó fi awò há ojú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọwọ́ bàbá náà. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà nínú aago tó ń mì lọ tó ń mì bọ̀, òun ni èémí aago. Ó ń mì, ṣùgbọ́n kò mì tó bó ṣe ń mì lórí tábìlì.

"Ẹ di ọwọ́ yín bí ẹni tó mú àdá, sà."

Pìrìnsípà di ọwọ́. Kẹ̀kẹ́ náà fà sẹ́yìn, ó mì lẹ́ẹ̀kan, ó mì ní ìdajì, ó dúró.

"Ẹ má tú ọwọ́ ká o." Ó na ọwọ́ sí okùn, ó tú u sí ihò kẹrin. Kẹ̀kẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó tú u sí ìkẹta, ó sì ń mì yàà, kò wo ẹ̀yìn. Ó tún fà á dé ihò ìṣó, aago kú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó yọ awò lójú.

"Sà, kò sí ohun tó ṣe aago yìí. Kò sì sí ohun tó ṣe ẹ̀jẹ̀ yín." Ó mú ìdérí agolo mílíìkì kan lórí pẹpẹ, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ etí rẹ̀, àárín rẹ̀ sì yọ gọbọ bí ikùn. "Báyìí ni ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn aago tiwa nípọn, inú rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Ẹ lè dè é kí ó fi ọwọ́ yín gé, kò kàn án. Èyí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni inú rẹ̀. Tí ẹ bá fún un mọ́ egungun ọwọ́, ó tẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ tí ojú kò lè rí, àwọn kẹ̀kẹ́ á sì máa ha ara wọn. Tí ẹ bá bọ́ ọ, ó nà padà, ó jí."

Pìrìnsípà wo ìdérí mílíìkì, ó wo aago. Kò tíì gbà.

"Aago wo ni kò gba ìdè? Ìyẹn ni pé kò mọ̀ ọ́n ṣe."

Inú bí Ẹ̀yínadé. Ó bí i gidi, ó sì gbàgbé pàṣán. "Kò mọ̀ ọ́n ṣe kẹ̀? Sà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ wa pé kí a wọn nǹkan kí a tó pè é ní kékeré, ṣé ẹ ti wo inú rẹ̀ rí?"

Ọkọ̀ kan fun fèrè lójú títì. Bùnmi ti dé, aago mẹ́ta ààbọ̀ kò tilẹ̀ tíì lù.

Pìrìnsípà na ọwọ́. "Fún mi ní nǹkan tó o fi há ojú yẹn. O ní ó ń tẹ̀. Ìṣirò ni mo kọ́ ọ, n kò kọ́ ọ ní ìgbàgbọ́."

Awò náà bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Ẹ̀yínadé sì bá a dì í mú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ aago. Ètè rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, Ẹ̀yínadé sì rò pé àdúrà ló ń gbà, àfi ìgbà tó gbọ́ "mọ́kànlélógún, méjìlélógún." Eyín kẹ̀kẹ́ ló ń kà.

"Wọ́n dọ́gba," ó wí níkẹyìn. "Gbogbo wọn dọ́gba. Ẹ̀rọ ló fi gé e?"

"Ẹ̀rọ ló fi gé e, sà, ọwọ́ ló fi parí rẹ̀. Ẹ wo bí etí wọn ṣe ń dán. Igi ló fi ń dán an, eyín kan lẹ́yìn òmíràn. Kẹ̀kẹ́ ẹyọ kan lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ kan."

"Kódà lábẹ́ níbẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní í wò?"

"Kódà lábẹ́ níbẹ̀."

Bùnmi ti dé ẹnu ọ̀nà, báàgì rẹ̀ wà léjìká. "Ẹ káàsán o. Dádì, ẹ gbé e wá, dẹ́rẹ́bà ní òjò ń bọ̀ lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n."

Pìrìnsípà kò gbórí sókè.

"Dádì! Aago ńkọ́? Ẹ ní mo máa gba lẹ́tà."

"Máa lọ, ọmọ mi. Kò sí ohun tí mo fẹ́ rán."

Bùnmi wo Ẹ̀yínadé, Ẹ̀yínadé gbé èjìká. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó gba àdúrà kúkúrú kan tí Pìrìnsípà ṣe pẹ̀lú ojú kan nínú awò, ó sì lọ.

"Àlàfo tó wà láàárín kẹ̀kẹ́ yìí àti irin ìdí rẹ̀," ni Pìrìnsípà wí, "mélòó ni?"

"N kò mọ̀, sà. Ẹni tó ṣe é nìkan ló mọ̀."

Ó yọ awò. Omi wà lójú rẹ̀, bóyá awò ló fà á, bóyá òun kọ́. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó yọ fóònù, ó wá orúkọ náà pẹ́ kó tó rí i. Ó dún títí, wọn kò gbé e. Ó tún pè. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbé e kó tó dún tán.

"Bàbá mi? Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọ lókè òkun mọ ìbéèrè yẹn. Pìrìnsípà mi kanlẹ̀. "Kò sẹ́ni tó kú. Ìyá rẹ ń bẹ. N kò sí ní ulé, mo wà ní Ìjerò, ní ṣọ́ọ̀bù." Èdè Ìjurin ti wọ ẹnu rẹ̀. "Aago rẹ ni. Mò ń dè é le jù, ó ń tẹ̀. N kò mọ̀. Mo ti mọ̀ báyìí."

Láti òdì kejì, Túnmiṣe béèrè pé, "Ta ló rí i?"

"Ẹ̀yínadé ni. Kò tilẹ̀ ṣí i."

"Kò ṣí i?" Túnmiṣe bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lọ́nà kó tó parí. "Oṣù mẹ́rin ni mo fi wá irú àléébù yìí nínú èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, èyí tó bàjẹ́. Mo sọ fún yín látijọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ."

"Mo gbọ́ ọ nígbà yẹn," ni Pìrìnsípà wí. Ó wo Ẹ̀yínadé. "Báyìí, mo ti rí i."

Ẹ̀yínadé bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ tí kò lò jọ, torí pé kò mọ ohun mìíràn tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

"Bàbá, ẹ má bínú, ó yẹ kí n ti sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń..."

"Má sunkún. Ìbéèrè ni mo ní. Kẹ̀kẹ́ tó wà lápá òsì, àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti irin ìdí rẹ̀, mélòó ni?"

"Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, sà."

Ohùn náà já gaara. Ẹ̀yínadé gbọ́ ọ láti ìdí tábìlì.

"Mélòó?"

Túnmiṣe tún un sọ.

"Báwo lo ṣe wọ̀n ọ́n?"

Túnmiṣe bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ó ń yára sọ̀rọ̀ bí ọmọdé tí wọ́n pè síwájú pátákó tó sì mọ ìdáhùn. Pìrìnsípà ń mi orí. Nígbà tó parí, bàbá náà tún béèrè pé, "Mélòó lo pe àlàfo náà?"

Ní gbogbo ọdún tí Ẹ̀yínadé fi jókòó ní kíláàsì rẹ̀, kò gbọ́ ọ rí kí ọkùnrin yìí béèrè iye kan lẹ́ẹ̀mejì. Etí rẹ̀ kò dí. Ẹ̀yínadé rọra dìde, ó jáde sí ìta, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra díẹ̀ kí ariwo ọ̀kadà má baà dí wọn lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ méje ló wà nínú aago náà, bàbá àtọmọ sì ṣì wà lórí àkọ́kọ́.